Ọ̀kadà mi kò jí láti ìgbà tí òjò ti rọ̀ sí i: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì ni?

ỌmọOjówò (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó lọ yá owó.

Boxer 100 ni mo ń gùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín, ó fi sílẹ̀ fún mi kí n máa fi kó pákí láti oko wá fún àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní Àtìkórí. Òjò ńlá kan rọ̀ lálẹ́ Sátidé, ìta ló sì bá ọ̀kadà. Láti àárọ̀ Sọ́ńdè ni kò ti jí mọ́. Tí mo bá ṣí kọ́kọ́rọ́, iná nútírà á tàn, hóònù á dún ketekete. Tí mo bá ta á, á fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan, á sì kú. Lẹ́yìn ìyẹn, òórùn epo nìkan ló kù.

Mẹkáníìkì àdúgbò wa ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kò yàtọ̀. Ó wá ní kàbùrétọ̀ ti kú, ríìngì tó yí písítìnì ká náà sì ti jẹ, pé kí n wá ₦70,000 kí òun tú ẹ́ńjìnì. Bẹ́ẹ̀, kí òjò yìí tó rọ̀, ọ̀kadà yìí kì í jẹ ọ́ìlì, kì í rú èéfín, ẹrù tí mo sì ń dì sí i kì í ṣe kékeré. Pákí tí a ti wú wà nílẹ̀ lóko, ẹ sì mọ̀ pé pákí tí a ti wú kì í pẹ́ bàjẹ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ọlọ́kadà Ìpẹrù

Yí ẹnu epo sí ríṣáàfù kó o tún ta á. Tí tìẹ bá ní súwíìṣì pupa tó ń pa ẹ́ńjìnì lápá ọ̀tún ìdìmú, wò ó bóyá ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ti ọ̀kadà láti Ìpẹrù dé Ògèrè nítorí súwíìṣì yẹn nìkan.

Ọ̀gá Sípánà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Àbúrò, má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kadà tó ń kó pákí títí di Sátidé, tí kò jẹ ọ́ìlì, tí kò rú èéfín, ríìngì rẹ̀ kì í jẹ mọ́jú nítorí òjò. Díẹ̀díẹ̀ ni ríìngì ń jẹ, ó sì máa ń kéde ara rẹ̀: ọ́ìlì á máa fà, èéfín tó fẹ́ jọ búlúù á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò ní lè gun òkè bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí òjò máa ń bá jà ni iná àti epo. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni ẹ́ńjìnì ń fẹ́ kó tó jí. Ó ń fẹ́ epo tó pò mọ́ afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, ó ń fẹ́ iná tó já lásìkò, ó sì ń fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ni pé kí písítìnì lè ki afẹ́fẹ́ yẹn mọ́lẹ̀ kó há gádígádí. Èyí tó bá sọnù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni à ń wá. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ nǹkan láì tíì mọ èyí tó sọnù, owó oníowó ló ń ná.

Iná ni kó o kọ́kọ́ wò. Gbọn iyanrìn tó yí ìdí púlọ́ọ̀gì ká dànù kó o tó tú u, nítorí èyí tó bá jábọ́ wọ inú sílíńdà á họ ọ́. Nígbà tó o bá tú u tán, wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Tó bá gbẹ táútáú lẹ́yìn gbogbo títa tó o ti ta á, epo kò dé inú. Tó bá tutù, tó sì ń rùn epo, epo ń dé, àfàìmọ̀ kó jẹ́ iná ni kò sí tàbí kí epo ti pọ̀ jù. Tó bá dúdú, tó ní èédú gbígbẹ lára, epo ń pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, lọ wo fílítà afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì ló wà lára rẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yẹn fẹ́ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àwọ̀ tó dára ni àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣí díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ti ẹnu epo pa. Fi àkísà dí ihò tí púlọ́ọ̀gì ti jáde, kó o sì nu epo tó bá dà síbẹ̀. Má fojú kéré èyí, nítorí tí o bá ta á nígbà tí ihò ṣí, atẹ́gùn epo ló máa ń tú jáde níbẹ̀, iná púlọ́ọ̀gì sì lè ràn án. Ki púlọ́ọ̀gì bọ inú káàpù rẹ̀, ìyẹn ìdérí rọ́bà tó wà lórí wáyà rẹ̀, gbé ara irin rẹ̀ lé irin ẹ́ńjìnì níbi tó jìnnà sí ihò, kó fara kàn án dáadáa. Bọ́ sí abẹ́ ibòji kó o lè rí i, ṣí kọ́kọ́rọ́, kó o wá ta á. Tí iná tó já bá jẹ́ búlúù, tó ki, tó ń dún tàtàtà, ó dára. Tó bá pupa, tó tín-ín-rín, tàbí tó ń já lẹ́ẹ̀kan tó ń fo lẹ́ẹ̀kan, ó ti rẹ̀ ẹ́. Wá sọ ohun tó o rí.

Ìyá Ìbejì Òdógbolú

Bátìrì ni o. Ti bàbá àwọn ọmọ mi ṣe báyìí gẹ́lẹ́ lọ́dún tó kọjá, wọ́n tú u síhìn-ín, wọ́n tú u sọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí a ra bátìrì tuntun ló jí. Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ dá ọ dúró.

Ríwáyà Ṣàgámù

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ti ọ̀dọ̀ yín lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀kadà ni bátìrì ń fún níná púlọ́ọ̀gì. Irú CDI, ìyẹn àpótí kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, méjì ló wà. Ọ̀kan ń gba iná tààrà láti ara kọ́ìlì inú máńgínítò, ọ̀kadà bẹ́ẹ̀, bí bátìrì rẹ̀ bá kú pátápátá, tí o bá ta á, á jí. Èkejì ń gba tirẹ̀ lọ́dọ̀ bátìrì. Irú ìyẹn, bí bátìrì bá ti sùn, o lè ta á títí ilẹ̀ á fi ṣú, púlọ́ọ̀gì kò ní já iná kankan. Ti ọkọ yín á jẹ́ irú èkejì yìí.

Àbúrò wa ní hóònù ń dún ketekete. Bátìrì tó ń gbé hóònù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ni a ó kọ́kọ́ fura sí, ohun yòówù kí CDI rẹ̀ jẹ́.

Ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún ti Ọ̀gá Sípánà. Àkọ́kọ́, má ṣe ta á rárá nígbà tí káàpù púlọ́ọ̀gì bá rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ tí kò kan irin. Iná tí kò rí ọ̀nà jáde á wá ọ̀nà gba inú kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná tàbí CDI, á sì jó o. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ti orí ìdánwò bọ́ sórí ríra CDI. Èkejì, má yọ bátìrì kúrò kó o wá máa ta á láti fi mọ irú CDI tó ní. Tó bá jí láìsí bátìrì, iná tó ń jáde lè ga débi tí á fi jó gílóòbù.

Ìyá Ìbejì Òdógbolú

Mo gbọ́, ọmọ mi, o ṣeun. Ní tòótọ́, hóònù tiwa kò tilẹ̀ dún mọ́ nígbà yẹn. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Bọ̀dá Òde-Rẹ́mọ

Ẹ ti sọ ọ́ di iṣẹ́ yunifásítì. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń yọ púlọ́ọ̀gì, mo máa ń da epo sí i lẹ́nu, mo máa ń ṣáná sí i kó jó gbẹ. Tí mo bá dá a padà ní gbígbóná, ẹsẹ̀ kan péré, ó ti jí. Tí ìyẹn kò bá sì ṣiṣẹ́, da epo díẹ̀ sínú ihò púlọ́ọ̀gì kó o tó dá a padà.

Ọ̀gá Sípánà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Bọ̀dá mi, mo mọ̀ pé àwọn àgbà iṣẹ́ náà ṣe é, ó sì máa ń jí nígbà mìíràn nítorí ooru ti gbẹ epo tó wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n tańganran funfun inú púlọ́ọ̀gì yẹn lè sán tí ooru bá ká a mọ́ ibì kan, nígbà tó bá sì sán, iná á máa gba ibẹ̀ sálọ, ojú kò ní tètè rí i. Àǹfààní kò sí nínú dída epo sínú ihò fún ọmọ yìí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé òórùn epo gba gbogbo ibẹ̀. Epo ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fi àkísà gbígbẹ nù ún, fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fọ̀ ọ́, ó tó.

Kí ẹ sì bá mi wo àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, nǹkan bíi mílímítà 0.6 sí 0.7 ló ń jẹ́. Àwọn tó ń fi òkúta gbá a mọ́ra, wọ́n máa ń pa á dé.

ỌmọOjówò (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Tèmi kò ní súwíìṣì pupa, ríṣáàfù kò sì yí nǹkan kan padà.

Mo ṣe é bí ẹ ṣe wí. Púlọ́ọ̀gì tutù rinrin, epo ń kán lára rẹ̀. Mo nù ún, mo gbé e lé irin. Iná ń já, ṣùgbọ́n ó pupa, ó tín-ín-rín, nígbà mìíràn kì í já rárá. Mo gbé púlọ́ọ̀gì àtijọ́ tí mẹkáníìkì yọ sọnù, mo fọ̀ ọ́, mo fi dán an wò, bákan náà ni. Báwo ni mo ṣe lè mọ ti kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n yẹn? Mẹkáníìkì ṣì ń pè mí pé òun ti bá mi rí ríìngì Bẹ́líjíọ́ọ̀mù.

Ọ̀gá Sípánà (Ìjẹ̀bú-Òde)

O káre. Bí púlọ́ọ̀gì méjèèjì ṣe rí bákan náà, a ti yọ púlọ́ọ̀gì kúrò nínú ẹjọ́ nìyẹn.

Fún kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, yọ káàpù àti púlọ́ọ̀gì, jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì wà nínú káàpù kó kan irin bíi ti àkọ́kọ́, pa kọ́kọ́rọ́. Fi àtàńpàkò dí ihò náà pinpin, kí ẹnì kan fi ọwọ́ ti kíkì sílẹ̀ tagbáratagbára. Tó bá ta ìka rẹ dànù tó sì dún pọ̀ọ̀, ó ní kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n tó lè jí. Ẹni tó bá ní géèjì tó ń wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n á rí nǹkan bíi psi 120 sókè lórí ẹ́ńjìnì tó dára, àsìlírétọ̀ ṣíṣí gbayawu. Tó bá bọ́ sísàlẹ̀ 100, jíjí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í nira.

Tó bá rọ̀, má tíì gbà pé ríìngì ni. Da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ṣíbí kékeré kan gba ihò yẹn, ta á díẹ̀ kó lè tàn ká, kó o tún fi ìka dí i. Bó bá le sí i nígbà yìí, ríìngì ni, nítorí ọ́ìlì ti dí àlàfo tó yí i ká. Bí kò bá yàtọ̀, fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, ni kò dé dáadáa. Ìdánwò yìí kò ná ọ ní nǹkan kan, ṣáájú ₦70,000 sì ló yẹ kí wọ́n ṣe é.

Àgbẹ̀ Òkè-Agbò

Ará ilé ni wá, ọmọ Ojówò. Èmi náà ń gba ọ̀nà oko yẹn, mo mọ bí òjò ibẹ̀ ṣe ń rí. Kó o tó lọ jìnnà lórí iná, tú epo inú kàbùrétọ̀ sínú ìgò funfun. Ìdè kékeré kan wà nísàlẹ̀ abọ́ kàbùrétọ̀, súkúrúdíráfà ló ń tú u, kò dìgbà tó o bá yọ kàbùrétọ̀. Lo ìgò tí ojú ń rí inú rẹ̀. Jẹ́ kó jókòó díẹ̀. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa dúró sí, wàá rí ojú ibi tí méjèèjì ti pínyà.

Omi tín-ń-tín ti tó láti kọ iṣẹ́, nítorí ìsàlẹ̀ abọ́ yẹn gan-an ni jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà, ti ń fà. Bó o ṣe ń ta á, omi lò ń fà sókè. Ibi tí omi ti ń wọlé fún wa níhìn-ín, ọ̀nà méjì ni mo mọ̀: ìdérí táǹkì tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó, àti epo inú kẹ́ẹ̀gì tí a ń rà létí ọ̀nà nígbà tí iléepo bá jìnnà. Epo iléepo náà kì í ṣe angẹ́lì. Ẹ ò gbàgbé oṣù kejì 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, bí ìlà ṣe gùn níléepo nígbà yẹn, tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà ń kú káàkiri.

Ríwáyà Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n omi inú epo kì í sọ iná púlọ́ọ̀gì di pupa. Nígbà tí ó gbé púlọ́ọ̀gì síta tó nù ún gbẹ, epo kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Iná pupa tó ń fo jẹ́ ẹjọ́ wáyà, káàpù, kọ́ìlì, tàbí ohun tó ń fún kọ́ìlì níná.

Àgbẹ̀ Òkè-Agbò

Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ta ló ní àrùn méjì kò lè wà lára ẹni kan ṣoṣo? Òjò kan náà ló rọ̀ sí orí méjèèjì. Jẹ́ kó tú u wò.

Ọlọ́kadà Ìpẹrù

Tí epo bá ti kún un, ṣí àsìlírétọ̀ kó o máa fún un léraléra kí o tó ta á, yóò fa epo náà tán.

Ọ̀gá Sípánà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Rárá o, ọ̀rẹ́ mi. Fífún àsìlírétọ̀ léraléra kò ṣe nǹkan kan lórí kàbùrétọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí à ń lò níbí, nítorí wọn kò ní ẹ̀rọ tó ń tu epo tí a bá yí ọwọ́. Bó bá ti kún, ti ẹnu epo pa, dá ṣóòkù kàbùrétọ̀ tó ń dín afẹ́fẹ́ kù padà sí àyè rẹ̀, ṣí àsìlírétọ̀ dé òpin kó o dì í mú síbẹ̀, kó o wá ta á. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló máa fẹ́ epo náà jáde. Tó bá fẹ́ jí, dá ọwọ́ padà kíá kó má baà pariwo sókè.

ỌmọOjówò (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Àǹfààní ńlá ni mo rí níbí lónìí.

Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n kò ní ìṣòro kankan: àbúrò mi ti kíkì, ó ta àtàńpàkò mi dànù, ó dún pọ̀ọ̀ bí Ọ̀gá ṣe wí. Mo ti sọ fún mẹkáníìkì pé kó má ra ríìngì kankan.

Ìgò Bàbá Àgbẹ̀ náà sọ òótọ́. Mo tú epo abọ́ náà sínú ìgò Ragolis. Nígbà tó jókòó, omi ló wà nísàlẹ̀, ó ń yípo bí mo ṣe ń yí ìgò, epo tó pọ́n díẹ̀ léfòó lórí rẹ̀, iyanrìn pupa wẹ́wẹ́ sì wà nínú omi náà. Mo tún ṣí ẹnu epo kó gba inú abọ́ náà ṣàn sínú ìgò, títí tí kò fi sí omi mọ́. Mo gbẹ púlọ́ọ̀gì, mo dá a padà. Ó jí! Ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó ń yọsẹ̀, ó sì tún kú. Iná púlọ́ọ̀gì ṣì pupa.

Ìyá Ìbejì Òdógbolú

Ọlọ́run ṣeun. Mẹkáníìkì tó fẹ́ gba ₦70,000 lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, olè ni.

Ọ̀gá Sípánà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ olè sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ wọn ni wọ́n ti bá a bẹ́ẹ̀: pààrọ̀ èyí, tí kò bá ṣiṣẹ́, pààrọ̀ tọ̀hún. Kò sẹ́ni tó fi ìdánwò hàn wọ́n. Àbúrò, o lè fi ohun tó o ka níbí han òun náà.

Ríwáyà Ṣàgámù

Ó ku tèmi nìyẹn. Dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Dá púlọ́ọ̀gì padà sínú ẹ́ńjìnì, fi káàpù dé e bó ṣe yẹ. Rí i dájú pé epo kankan kò dà sílẹ̀ níbẹ̀. Pa gbogbo iná tó wà nítòsí, jẹ́ kí ẹnì kan máa ta á, kí ìwọ wo káàpù àti wáyà tó ti ara kọ́ìlì wá láti ọ̀nà jíjìn. Má fọwọ́ kàn án. Wá sọ ohun tó o bá rí fún mi.

Ẹni tó bá ní mítà lè wò ó lọ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ káàpù ọ̀kadà ní ohm, ìyẹn ìwọ̀n ìdènà iná, bíi 5,000 nínú, tí mítà bá sọ pé kò sí ọ̀nà rárá, tàbí tí nọ́ńbà náà ń fò sókè sódò bó o ṣe ń mì ín, ó ti kú. Ti kọ́ìlì, ẹ̀gbẹ́ tí iná ń gbà wọlé kì í sábà ju ohm mélòó kan lọ, ẹ̀gbẹ́ tó lọ sí púlọ́ọ̀gì á jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà sí i díẹ̀. Tèmi ní ẹ́ńjìnì irú CG125. Láàárọ̀, ẹsẹ̀ kan ló ń jí. Tí mo bá gùn ún láti Àgọ́ dé Orù tó gbóná, tí mo bá pa á, kì í jí mọ́ àfi tó bá tutù. Ṣé omi náà ni?

Ọ̀gá Sípánà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Omi kì í dúró de ooru. Tìẹ, fáàfù ni mo máa kọ́kọ́ wò. Tí àlàfo fáàfù bá ti há jù, bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, irin á wú, fáàfù kò ní dé tán, kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n á sá. Lórí CG125, mílímítà 0.08 ni fún méjèèjì, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, písítìnì lókè pátápátá, fáàfù méjèèjì sì wà ní dídé.

Ríwáyà Ṣàgámù

Ọ̀gá, ó lè jẹ́ fáàfù, ṣùgbọ́n kọ́ìlì tó ti ń kú náà máa ń ṣe báyìí. Wáyà inú rẹ̀ á já tó bá gbóná, á tún so pọ̀ tó bá tutù. Àbúrò, ọ̀nà tí wàá fi mọ̀ ni pé kó o yẹ iná wò nígbà tó bá kọ̀ gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti tutù. Tí iná bá já dáadáa ní gbígbóná, tẹ̀ lé ti Ọ̀gá. Tí kò bá já, wá sọ́dọ̀ ríwáyà.

Àgbẹ̀ Òkè-Agbò

Kó o tó ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ṣí ìdérí táǹkì nígbà tó bá kọ̀. Tó o bá gbọ́ tó fọn "ṣíì", tó sì jí lẹ́yìn ìyẹn, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táǹkì ló dí. Epo kì í sọ̀kalẹ̀ láti inú táǹkì tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Mo dúpẹ́ gan-an. Màá dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdérí.

ỌmọOjówò (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ̀gbọ́n Ríwáyà, mo rí i! Ilẹ̀ ṣú, NEPA mú iná lọ, gbogbo ibẹ̀ dúdú. Bí àbúrò mi ṣe ń ta á ni mo rí iná búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rìn lára rọ́bà káàpù, tó ń fò lọ sára irin sílíńdà. Lọ́sàn-án, o kò lè rí nǹkan kan lára rọ́bà yẹn. Nígbà tí mo wá fi iná fóònù wò ó sún mọ́jú, ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ju irun orí lọ, ẹrẹ̀ ti wọ inú rẹ̀.

Ríwáyà Ṣàgámù

Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Iná ń gba ibi ìsán yẹn bọ́ sára irin kó tó dé ẹnu púlọ́ọ̀gì, nítorí omi àti ẹrẹ̀ ti ṣe ọ̀nà fún un. Èyí tó ṣẹ́ kù tó dé ẹnu púlọ́ọ̀gì ni pupa tó ò ń rí.

Ra káàpù tuntun, má ra kọ́ìlì. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, ńṣe ni káàpù máa ń lọ́ wọ ara wáyà. Lọ́ ọ sápá òsì kó jáde. Gé orí wáyà náà sẹ́yìn díẹ̀, kò ju ìwọ̀n èékánná lọ, kí kọ́pà tó mọ́ lè yọjú, nítorí èyí tó ti wà nínú káàpù ti dógùn-ún. Lọ́ tuntun wọlé dé òpin, kó o sì fà á wò bóyá ó dì. Tí wáyà yẹn bá ti kúrú jù, má gé e, mú un wá fún ríwáyà. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi téèpù wé káàpù tó sán fún ọ. Òjò tó ń bọ̀ á tún tú àṣírí rẹ̀.

Bọ̀dá Òde-Rẹ́mọ

Mo ń bá yín ka gbogbo rẹ̀. Ìdánwò inú òkùnkùn yẹn, n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ o. Màá wo tèmi lálẹ́ òní.

ỌmọOjówò (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ bá mi yọ̀. Káàpù tuntun kò tó ₦3,000. Mo gé orí wáyà bí ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n gé e, ó dógùn-ún lóòótọ́, ó ti di àwọ̀ ewé. Iná tó já lẹ́yìn ìyẹn búlúù, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Ó jí, kò yọsẹ̀. Mo ti gbé pákí dé Àtìkórí, díẹ̀ péré ló ti dúdú nínú. Kàbùrétọ̀ àtijọ́ ló ṣì wà lára rẹ̀.

Ṣé kí n tún fọ táǹkì ni, àbí ó ti tán?

Àgbẹ̀ Òkè-Agbò

Kò tíì tán. Omi tó o rí nínú abọ́ ti inú táǹkì wá, iyanrìn pupa tó wà nínú rẹ̀ sì lè jẹ́ ìpẹtà. Jẹ́ kí epo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, yọ táǹkì sílẹ̀ níta gbangba tó jìnnà sí iná ìdáná gàrí, da èyí tó kù sínú kẹ́ẹ̀gì, kó o fi epo mímọ́ díẹ̀ ṣàn án, mì ín, dà á nù. Tú ẹnu epo náà, asẹ́ kékeré kan wà lórí rẹ̀ nínú táǹkì, fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, yí ìdérí táǹkì dojú bolẹ̀ kó o wo rọ́bà rẹ̀. Tó bá ti le, tó ti sán, pààrọ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ tó bá dí ihò yíká ẹnu táǹkì, fi ìgbálẹ̀ kan gún un jáde, kí omi òjò lè rí ibi ṣàn lọ.

Ìyá Ìbejì Òdógbolú

Kó o sì máa fi nọ́lọ́ọ̀nù dé e mọ́lẹ̀ pinpin lálẹ́.

Ọ̀gá Sípánà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Kó dé e, Màmá, ṣùgbọ́n kó má di ìsàlẹ̀ pa. Nọ́lọ́ọ̀nù tó bo ẹ́ńjìnì gbígbóná pinpin máa ń làágùn sínú, omi yẹn náà á kán sórí káàpù. Kí ẹ́ńjìnì kọ́kọ́ tutù, kó fi dé orí táǹkì àti ìjókòó, kí ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá.

ỌmọOjówò (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Mo ti yọ rọ́bà ìdérí náà, ó ti sán ní ibi méjì. Mò ń lọ sí Òde láti ra òmíràn, màá fọ táǹkì lọ́jọ́ tí a kò bá lọ oko. Mẹkáníìkì wa náà ti wá wo káàpù àtijọ́, ó ní kí n fún òun, òun fẹ́ fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ òun.